Gbólóhùn Kan Tí Mi Ò Lè Pa Rẹ́ Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ tí mo fi kọ èyí wé ti àwọn tó mọ̀wé. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ̀wé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí mo ṣe, a kì í kọ "èmi". Bí o bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á wá pa á rẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa sọ̀rọ̀ ara mi nínú ìwé. Bí kò bá tò dáadáa, ẹ fara dà á fún mi.

Ìyá tó ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ wa ní Ìlá ló ní kí gbogbo ẹni tó ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ kọ ìtàn iṣẹ́ náà, kí àwọn ọmọ tó ń ronú ohun tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe lè rí i kà. Mo rò pé àwọn àgbàlagbà ló ń bá wí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ náà ti fẹ̀yìn tì, àbí o ò fẹ̀yìn tì?" Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ni kíkọ ìwé ìmọ̀ ńlá tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Bí ẹ bá ti béèrè nǹkan lórí fóònù rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kà nínú rẹ̀. Apá Yorùbá rẹ̀ ni mo wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí a bá kọ síbẹ̀ là ń pè ní àyọkà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Ìwé tí mo ń bá àwọn èèyàn tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Àdúgbò Ìperin ní Ìlá ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ Òkè-Ìlá ti máa ń gbérò. Tíṣà Fọlákẹ́ ló ni ín. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Òun ló kọ́ èmi àti Sùnbọ̀ níṣẹ́. Sùnbọ̀ jù mí lọ ní ọdún kan, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èmi, bí oníbàárà bá wọlé, mo máa ń fojú sílẹ̀ títí Sùnbọ̀ á fi dá a lóhùn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ náà nìyẹn. Èèyàn lè ṣe é láìsí ẹni tó máa wo ojú rẹ̀.

Àyọkà àkọ́kọ́ tí mo kọ, ti Òkè-Ìlá ni. Mo kọ ọ́ pé: "Òkè-Ìlá jẹ́ ìlú tó lẹ́wà púpọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì lọ́yàyà." Inú mi dùn sí i. Tíṣà wọ gíláàsì rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú wo kọ̀ǹpútà.

"Ta ló ní ó lẹ́wà?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ ta ni?"

Sùnbọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Máa rẹ́rìn-ín, Sùnbọ̀, tìrẹ ń bọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ lọ́yàyà. Gbogbo wọn? O ti kí gbogbo wọn tán?"

"Rárá, mà."

"Ó wá ku ta ni?"

Ó ní kí n pa á rẹ́. Nígbà tí mo pa gbogbo ohun tí kò ní ẹ̀rí rẹ́ tán, orúkọ ìlú náà àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Tíṣà ní, "Ó dára. Ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ìbéèrè mẹ́ta ló fi ọ̀dà dúdú kọ sára ògiri, kò tiẹ̀ lo pépà, torí ó ní pépà máa ń já. Ta ló sọ ọ́? Níbo ló ti sọ ọ́? Ṣé ẹlòmíràn lè lọ wò ó? Bí ìdáhùn kan bá sọnù, gbólóhùn yẹn ò gbọdọ̀ jáde. Ibi tí a bá ti rí ọ̀rọ̀ náà là ń pè ní ìtọ́kasí, a sì máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ àyọkà kí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Sùnbọ̀ sọ Tíṣà ní Màmá Ẹ̀rí-Dà lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà mọ̀, kò sì bínú. Ohun tó máa ń bí i nínú ni kéèyàn kọ nǹkan kó tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbà kan, mo kọ nípa ilé ẹ̀kọ́ kan ní Iresi, mo sì fojú díwọ̀n ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Tíṣà ò pariwo. Ó ní kí n gun ọ̀kadà lọ sí Iresi kí n lọ wo òkúta ìpìlẹ̀ tó wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọlọ́kadà dúró tì mí bí mo ṣe ń fi aṣọ nu eruku kúrò lára òkúta.

"Àǹtí, gbogbo ọ̀nà tí a wá yìí, òkúta lẹ wá kí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó kúkú dá yín lóhùn?"

Ó dá mi lóhùn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣì í. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí Tíṣà ń kọ́ mi, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà yẹn ju bí inú mi ṣe dùn rí lọ. Mo rò pé mo ti rí iṣẹ́ tí màá fi darúgbó.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kíbọọ̀dù ò ní lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Ìwé kan ni a kọ gbogbo wọn sí lórí kọ̀ǹpútà, a ó máa dà wọ́n kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀sán kan lè lọ lórí gbólóhùn márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kíbọọ̀dù Yorùbá dé sórí fóònù, èmi náà ra fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, mo sì lè ṣiṣẹ́ níbikíbi tí mo bá jókòó sí. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dé. Àwọn kan tí mi ò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í da ogún àyọkà sílẹ̀ lójúmọ́. Mo ka ọ̀kan nípa ibà, mi ò mọ̀ bóyá ó ní kí aláìsàn mu oògùn ni tàbí kó sá fún un. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń tún ẹyọ kan ṣe, ogún mìíràn á sì ti wọlé. Sùnbọ̀ ní kò lè ṣe èyí mọ́, ó lọ fẹ́ ọkọ ní Òṣogbo. Ara Tíṣà ò le mọ́, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìbàdàn. Ó kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Ó nawọ́ sí ìbéèrè mẹ́ta tó wà lára ògiri.

Ìgbà tí mo wá dá wà ni mo ṣe ohun tó ba ayé mi jẹ́.

Mo pinnu láti kọ àyọkà lórí abúlé wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, wọ́n ti pè é tó. Agbo ilé méjì ló wà níbẹ̀: Ilé Òkè àti Ilé Ìsàlẹ̀. Oyè Baálẹ̀ máa ń kárí àwọn méjèèjì. Bí Baálẹ̀ tó wá láti ilé kan bá wàjà, ilé kejì ló kàn. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní gbangba pé ta ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa sọ: ọjọ́ kan náà ni wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń kásẹ̀, olórí ilé méjèèjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí ọ̀nà odò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi àdá ṣá koríko lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àdá ẹnì kan bá ṣèèṣì yá ju ti èkejì lọ, wọ́n á dúró, wọ́n á tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tó máa ṣán ìyókù. Mo mọ àṣà yìí láti kékeré. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú àyọkà náà, mo sì rí ìwé ìròyìn tí mo lè tọ́ka sí fún un.

Ṣùgbọ́n mi ò rí ìwé kankan lórí bí wọ́n ṣe tẹ abúlé náà dó. Mo bi ìyá bàbá mi. Ilé Òkè ni wọ́n bí i sí, Ilé Ìsàlẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, àwa ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ilé Ìsàlẹ̀. Ó ń pa ẹ̀kùrọ́ lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ìyá àgbà, nínú ilé méjèèjì yìí, ta ló kọ́kọ́ dé gan-an?"

Ó wo ọ̀tún wo òsì, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Àbẹ̀kẹ́, má sọ pé mo sọ ọ́. Àwa Ilé Òkè ni. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi. Àwọn bàbá ọkọ mi kàn dé bá wa ni, a fún wọn níṣu jẹ."

Ó yẹ kí n mọ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí n lọ bi ẹnì kejì. Bàbá Alápẹ̀rẹ̀, tó dàgbà jù ní Ilé Ìsàlẹ̀, wà níbẹ̀. Iwájú ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, á máa hun apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Lẹ́ẹ̀kìíní, mo kí i, mo kọjá. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kúnlẹ̀, mo sì dúró lórí eékún.

"Ọmọ Ṣadé, ṣé kò sí nǹkan?" Orúkọ ìyá mi ló fi ń pè mí.

"Kò sí, bàbá."

"O ń wá nǹkan?"

"Rárá, bàbá. Mo ní kí n kí yín ni."

"O ṣeun, ọmọ mi. O kú ìkíni."

Mo dìde, mo lọ. Ojú ló tì mí. Kò sí ìdí mìíràn. Mo padà sídìí fóònù mi, mo kọ ọ́ pé: "Ilé Òkè ni ó kọ́kọ́ tẹ abúlé náà dó, kí Ilé Ìsàlẹ̀ tó dé." Mi ò fi ìtọ́kasí sí i. Mo ní màá padà wá fi sí i. Gbólóhùn méjì péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí mo ti kọ àṣà àdá méjèèjì sí, mi ò sì rí i pé ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́.

Ọdún méjì kọjá, mi ò padà. Abúlé fẹ́ ṣe ọjọ́ ayẹyẹ, àwọn ìgbìmọ̀ sì fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde. Ẹni tí wọ́n gbé e fún ò bi àgbà kankan. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó da àyọkà mi kọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pépà tó ń dán, pẹ̀lú àwòrán Baálẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tí mi ò mọ̀, tí inú rẹ̀ sì mọ́, rí i pé gbólóhùn mi ò ní ìtọ́kasí. Ó wá ìtọ́kasí kiri, ó rí ìwé pẹlẹbẹ náà, ó sì fi ṣe ìtọ́kasí rẹ̀. Ìkìlọ̀ dé sórí fóònù mi pé wọ́n ti tún àyọkà mi ṣe. Mo wò ó fìrí. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un pé ẹ ṣeun.

Ìwé tó jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi ti di ẹlẹ́rìí fún mi. Ohun tí mo dúpẹ́ fún nìyẹn.

Bí Baálẹ̀ ṣe wàjà, Ilé Ìsàlẹ̀ ló kàn. Wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi. Bùrọ̀dá Délé láti Ilé Òkè dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ní ayé ti là, kí a má máa fi ẹnu lásán ṣe ìjọba mọ́. Ó gbé ìwé pẹlẹbẹ náà sókè. Àwọn kan kùn. Ló bá yọ fóònù, ó bi í pé ta ló tẹ abúlé wa dó. Ohùn obìnrin kan jáde nínú fóònù náà, ó pe orúkọ abúlé wa bí àlejò ṣe ń pè é, ó ní Ilé Òkè ni, kí Ilé Ìsàlẹ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ mi ni. Kò yí ẹyọ kan padà.

Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ na etí. "Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀rọ ni, bàbá."

"Ọmọ ilé wo ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Mo ní ọmọ ilé wo ni? Ta ló sọ fún un?"

Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, mo sì jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Ìbéèrè ara ògiri wa ni bàbá ń béèrè yẹn. Mo fi orí pamọ́ sẹ́yìn ìyá tó jókòó síwájú mi. Wọ́n fi ìjà tú ìpàdé náà ká.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yí dé ẹ̀yìnkùlé wa, wọn kò wádìí jìnnà. Ta ni wọ́n bí ní Ilé Òkè, tó ń gbé Ilé Ìsàlẹ̀, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kọ̀wé sínú fóònù? Àwọn ìyàwó ilé ò pe ìyá àgbà wá pa ẹ̀kùrọ́ mọ́. Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. Mi ò sọ fún ayé." Lọ́jọ́ kẹta, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé àbúrò rẹ̀ ní Ilé Òkè. Àádọ́ta ọdún àti díẹ̀ ló ti lò nílé ọkọ.

Mo ṣí àyọkà náà, mo yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ti dá a padà. Ó kọ ọ́ sí mi pé kí n yé yọ ohun tó ní ìtọ́kasí. Mo ṣàlàyé níbi tí àwa olùtúnṣe ti máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀: èmi ni mo kọ ọ́, irọ́ ni, ọ̀dọ̀ mi ni ìwé pẹlẹbẹ yẹn ti jí i. Wọ́n ní, ẹ̀rí dà? Mo fi ọjọ́ tí mo kọ ọ́ hàn wọ́n. Ẹnì kan gbà. Ẹlòmíràn ní ó lè jẹ́ pé ibì kan náà ni èmi àti ìwé náà ti rí i. Kí n mú ìwé tó sọ ohun mìíràn wá. Àwọn ọmọ Ilé Òkè tó wà nílùú Èkó gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Àwọn ọmọ Ilé Ìsàlẹ̀ ń yọ ọ́. Orúkọ tí mi ò mọ̀ rí ń bú ara wọn nínú àyọkà tí mo fi ọwọ́ mi ṣa lẹ́tà rẹ̀.

Mo gba ilé Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ lọ. Mo ti tún ohun tí mo máa sọ sọ ní gbogbo ọ̀nà. Mo bá àga rẹ̀ níta, apẹ̀rẹ̀ tí kò hun tán wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ó ti sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọ́ èèyàn mọ́. A sin ín kí oṣù náà tó parí. Ohun tó mọ̀, kò sí nínú ìwé kankan.

Mo pe Tíṣà ní Ìbàdàn. Mo sunkún lórí fóònù títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Òótọ́ lo ń sọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an. "Ṣùgbọ́n ká ní ẹlòmíràn ló wá bá ọ báyìí, tó ní kí o gba ẹnu òun gbọ́, ṣé wàá gbà?"

Mo rò ó. "Mi ò ní gbà, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò bi bàbá náà?" Mo ní ojú ló ń tì mí, mà. Kò bá mi wí. Ìbá sàn kó bá mi wí.

Nígbẹ̀yìn, alámòójútó kan tó fẹ́ kí ìjà tán ti àyọkà náà pa, kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ọjọ́ tó tì í pa, gbólóhùn mi wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà dòní. Kò tíì sí Baálẹ̀. Òjò kásẹ̀, olórí ilé kankan ò jáde pẹ̀lú àdá, koríko sì bo ọ̀nà odò. Àwọn obìnrin ń gba ojú títì yípo lọ pọnmi. Bí mo bá lọ kí ìyá àgbà, ó máa ń bi mí kí n tó jókòó pé ṣé fóònù wà lọ́wọ́ mi. Kò pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára, mi ò mọ ohun tí màá sọ. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Tíṣà kọ́ mi. Ẹyọ kan ni mi ò ṣe nínú rẹ̀, ẹyọ yẹn ló sì kù láyé. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ jẹ́ kó tì yín níwájú bàbá tó ń hun apẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, ó máa ń rọra pe èèyàn ní ọmọ mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti àyọkà náà pa, mo kọ ọ́ sí ojú ìwé mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé mo ti ṣíwọ́, mo pa fóònù, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn èèyàn tó jí, mo mú àdá bàbá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa ní Ilé Ìsàlẹ̀. Mo gba Ilé Òkè kọjá, mo mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ibi tí ìyá àgbà ń sùn. Mo dúró níbi tí ọ̀nà odò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo di ọ̀kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, mo sì fi wọ́n ṣá koríko.

Ti ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ gé e. Mo dúró, mo tún un ṣe.